Iná Kámẹ́rà àti Aṣọ Funfun

Ọ̀rọ̀ iná kámẹ́rà ni a fẹ́ bá yín sọ, iná kékeré tó máa ń kọ mànà sí ènìyàn lójú nígbà tí wọ́n bá ń ya fọ́tò lálẹ́. Fíláàṣì ni àwọn ayafọ́tò ń pè é. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ ayafọ́tò nìkan ni èyí. Láyé ìsinsìnyí, ta ni kì í ya fọ́tò? Ọmọ tó ń da ẹran lọ sí ọ̀dàn lẹ́yìn Ṣakí ní fóònù lápò. Ìyá tó ń ta òwú ní Ìṣẹ́yìn ní fóònù lábẹ́ ìró. Fóònù náà ní ojú tó fi ń yàwòrán, iná sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú náà.

Ẹ mú fọ́tò ìkómọ tàbí ti ìgbéyàwó kan tí wọ́n yà lálẹ́, kí a jọ wò ó. Kí ni a máa rí? Iwájú orí ìyàwó ń dán bí ẹni pé wọ́n da epo sí i. Imú rẹ̀ funfun ju ìyókù ojú lọ. Òjìji dúdú kan dúró lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀ bí olè tó fara pamọ́. Ojú ọkọ pọ́n bí iná. Àwọn tó wà níwájú mọ́lẹ̀ jù, àwọn tó wà lẹ́yìn sì ti wọ inú òkùnkùn lọ, a ò mọ ẹni tí wọ́n jẹ́ mọ́. Ẹlòmíràn á ní, "Kámẹ́rà yẹn ò dáa." Ẹlòmíràn á ní, "Èmi ni mi ò kì í dùn ún wò nínú fọ́tò." Ẹ má dá ara yín lẹ́bi o. Ojú yín kò ní àbùkù, kámẹ́rà náà kò sì bàjẹ́. Iná yẹn ló fà á, ó sì ní àtúnṣe tí kò ju aṣọ funfun àti bébà lọ.

Kí a tó dé orí àtúnṣe, ẹ jẹ́ kí á wo oòrùn ná. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí kò sí ìkùukùu kankan lójú ọ̀run, ẹ jáde sí ojúde ní ọ̀sán gangan. Òjìji yín á dúdú, etí rẹ̀ á mú bí ẹni pé wọ́n fi abẹ gé e. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ọyẹ́ bá sọ̀ kalẹ̀, tí eruku bo ojú ọ̀run débi pé a kò rí Òkè Àdó lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ tún jáde. Òjìji yín fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Oòrùn kan náà ni o. Kí ló wá yàtọ̀? Eruku ọyẹ́ ló gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn, tó fọ́n ọn ká gbogbo ojú ọ̀run. Tẹ́lẹ̀, ojú kan ṣoṣo ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Nísinsìnyí, ó ń ti òkè wá, ó ń ti ọ̀tún wá, ó ń ti òsì wá. Ibi tí imú ì bá ti fi òjìji bo ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìmọ́lẹ̀ mìíràn ti gba ẹ̀gbẹ́ kejì wọ ibẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ dì mú nìyẹn. Iná tó kéré ní ìwọ̀n máa ń fa òjìji líle. Iná tó bá fẹ̀ máa ń fa òjìji rírọ̀. A kò sọ̀rọ̀ agbára o, fífẹ̀ ni a ń wí. Bí a bá dín agbára iná kékeré kù, iná kékeré náà ló ṣì jẹ́, òjìji rẹ̀ á ṣì le. Iná tó wà lára ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kò fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò méjì lọ. Ti fóònù kò tó hóró àgbàdo. Bí iná bá sì jìnnà, ńṣe ló tún ń kéré sí i lójú ohun tó ń tàn sí. Ẹ wo oòrùn fúnra rẹ̀: ó tóbi ju ayé lọ lọ́nà púpọ̀, síbẹ̀ nítorí pé ó jìnnà, ó dà bí àwo kékeré lójú wa, ìdí sì nìyẹn tí òjìji rẹ̀ fi le. Nítorí náà, iná tí a ń wá gbọ́dọ̀ fẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹni tí a ń yà.

Ibi tí wọ́n gbé iná náà sí tún jẹ́ wàhálà mìíràn. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kámẹ́rà gan-an. Nítorí náà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń lọ tààrà sí iwájú, ó sì ń pa gbogbo kòtò àti gegele ojú rẹ́, ojú á wá tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo. Ó tún ń gba inú ẹyinjú wọlé lọ sí ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, níbi tí ẹ̀jẹ̀ wà, ó sì ń padà tààrà sínú kámẹ́rà. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí ojú pọ́n nínú fọ́tò. Kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe àǹjọ̀nú.

Ó ti pẹ́ tí àwọn ayafọ́tò ti ń bá iná jà. Ní 1887, àwọn ará Jámánì méjì po ẹ̀tù kan tí wọ́n fi màgnẹ́síọ̀mù ṣe. Bí wọ́n bá ṣáná sí i, á bú gbàù, á mọ́lẹ̀ yànrànyànràn, èéfín á sì gba gbogbo ilé. Ó jó àwọn mìíràn lọ́wọ́. Ní nǹkan bí 1929, gílóòbù tó ń jó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo dé. Bí a bá ti yà á tán, a ó yọ ọ́ sọ nù, a ó ki òmíràn. Ní àwọn ọdún 1930, Harold Edgerton ní Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ lórí iná tí iná mànàmáná ń tàn, tó ń kọ léraléra láìjó tán. Irú rẹ̀ ló wà lára àwọn kámẹ́rà wa lónìí. Ti inú fóònù yàtọ̀ sí i: iná kékeré bíi ti tọ́ọ̀ṣì ni, kò sì lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á ṣe é. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí a fi nǹkan funfun tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà kọjá dí iwájú iná náà. Tíṣù dára. Bébà funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dára. Ike funfun tí a gé lára kẹ́ẹ̀gì, èyí tí a lè rí ìmọ́lẹ̀ gbà inú rẹ̀, dára ju gbogbo wọn lọ nítorí pé kì í tètè ya. Ẹ gé e kí ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ọrun, kí ẹ sì fi rọ́bà dè é mọ́ kámẹ́rà kí ikùn rẹ̀ yọ síwájú. Ẹ má jẹ́ kí ó lẹ̀ mọ́ iná. Iná kámẹ́rà tó lágbára máa ń gbóná, ó lè yọ́ ọ̀rá, ó sì lè jó bébà. Ẹ fi àlàfo ìka méjì sílẹ̀. Àlàfo yẹn tún ní iṣẹ́ mìíràn: bí ike náà bá lẹ̀ mọ́ iná, ojú kékeré kan náà ni iná á ti máa jáde, a ò rí nǹkan kan ṣe. Bí ó bá jìnnà díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á ráyè tàn ká gbogbo ara ike náà kó tó jáde. Ẹ sì ṣọ́ra kí etí rẹ̀ má bo ojú kámẹ́rà, nítorí pé bí ìmọ́lẹ̀ bá ta padà sí i, gbogbo àwòrán á ṣú bí ìkùukùu.

Àwọ̀ ṣe pàtàkì. Ọ̀rá omi tí wọ́n kọ̀wé búlúù sí á sọ ojú ìyàwó di búlúù. Ike pupa rẹ́súrẹ́sú á sọ ọ́ di pupa. Funfun láú ni kí ẹ wá.

Ṣùgbọ́n a kò ní tàn yín jẹ o. Ike tó tó àtẹ́lẹwọ́ kò lè ṣe ju ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá sún mọ́ ẹni náà tó ẹsẹ̀ bàtà 3 tàbí 4, ẹ ó rí ìyàtọ̀. Bí ẹ bá dúró lókèèrè níta gbangba láti ya ogún ènìyàn, ẹ kàn ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣòfò ni, nítorí láti ọ̀nà jíjìn, àtẹ́lẹwọ́ náà ti di hóró àgbàdo. Ẹ sì máa rántí pé ohunkóhun tí a bá fi dí iná ń jẹ nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ ìdajì, fíláàṣì tó ń mọ́lẹ̀ dé ẹsẹ̀ bàtà 12 tẹ́lẹ̀ kò ní kọjá nǹkan bí 8 àbọ̀ mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá tà yín ní irú ike bẹ́ẹ̀ lówó gọbọi, tó ní ó ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo, owó yín ló ń wá.

Ọ̀nà kejì dára ju ti àkọ́kọ́ lọ, bí ilé bá ní àjà funfun. Ẹ mú páálí funfun kékeré, èyí tó tó káàdì ìpè ìgbéyàwó. Ẹ gbé e síwájú iná ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè bà á kó sì ta sókè. Ìmọ́lẹ̀ á kọlu àjà, á sì tú ká, gbogbo àjà náà á wá di iná ńlá kan tó ń tàn sílẹ̀ bí ojú ọ̀run ọyẹ́ tí a wí lẹ́ẹ̀kan. Iná tó jẹ́ èékánná méjì ti di iná tó tó yàrá! Òjìji ara ògiri á rọ̀, ojú kò ní pọ́n mọ́, àwọn tó wà lẹ́yìn á sì rí ìmọ́lẹ̀ tiwọn gbà. Tẹ́lẹ̀, bí ẹni iwájú bá wà ní ẹsẹ̀ bàtà 4 sí fíláàṣì, tí ẹni ẹ̀yìn sì wà ní 8, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ ẹni iwájú ni ẹni ẹ̀yìn ń rí. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń ti àjà wá, ìyàtọ̀ náà á dín kù gidigidi.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé wa ní Òkè-Ògùn kò ní àjà. Páànù la máa ń rí bí a bá gbójú sókè, tàbí igi àjà tí èéfín ti sọ di dúdú. Èéfín á gbé ìmọ́lẹ̀ mì ni. Ògiri tí wọ́n kùn ní gíríìnì tàbí búlúù náà kò dára, àwọ̀ rẹ̀ ló máa dà sójú ènìyàn, á sì dà bí ẹni tí ibà ń ṣe. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe mú aṣọ funfun wá.

Ẹ mú aṣọ ìbora funfun kan, èyí tó fẹ́lẹ́ bí àlà. Kí ènìyàn méjì nà án lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí a fẹ́ yà, ní ẹsẹ̀ bàtà 3 sí i, kí òkè rẹ̀ ga ju orí onítọ̀hún lọ díẹ̀. Bí fóònù bá jẹ́ méjì nínú ilé, iṣẹ́ ti parí. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù kan sí ẹ̀yìn aṣọ náà, kí ẹni tó dì í mú sún sẹ́yìn títí ìmọ́lẹ̀ á fi gba gbogbo aṣọ. Ẹ fi fóònù kejì yàwòrán, kí ẹ sì pa fíláàṣì tirẹ̀. Nítorí pé ìmọ́lẹ̀ náà kò pọ̀, kí ẹni tí a ń yà má ṣe mira, kí ẹni tó ń yà á sì gbé ìgúnpá lé tábìlì tàbí ẹ̀yìn àga. Ẹ sún ẹni náà kúrò lára ògiri tó ẹsẹ̀ bàtà 4. Ẹ fún un ní áńkáṣíìfù kó nu òógùn ojú rẹ̀. Ẹ wá wo ohun tí ẹ ó rí!

Ẹ̀yin ahunṣọ Ìṣẹ́yìn, ẹ gbọ́ tiyín. Òkìkí aṣọ òkè yín ti kan tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n lónìí, ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í fọwọ́ kan aṣọ kó tó ra á. Fọ́tò ni ó ń rí lórí fóònù, ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí a bá fi fíláàṣì ya ẹtù tààrà, aró rẹ̀ jíjinlẹ̀ á di dúdú lásán, àwọn ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó mú un jọ ẹyẹ ẹtù á sì dàrú. Àlàárì á pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣányán á di funfun. Èyí tí wọ́n fi òwú dídán hun ló burú jù, gbogbo òwú náà á máa kọ yẹ̀rì padà sínú kámẹ́rà, a kò ní rí iṣẹ́ ọwọ́ kankan nínú rẹ̀. Aṣọ á dé ọwọ́ oníbàárà, á ní, "Èyí kọ́ ni mo rí." Ìjà dé nìyẹn, owó á sì padà. Ẹ tẹ́ aṣọ sí ẹnu ọ̀nà lówùúrọ̀, níbi tí oòrùn kò ti bà á tààrà. Bó bá di alẹ́ tí oníbàárà kò lè dúró, ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba aṣọ funfun kọjá láti ẹ̀gbẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ló máa ń fi bí òwú ṣe gòkè tó sì wọlẹ̀ hàn.

Ọ̀rọ̀ ojú àwọn àgbà wa sì ń jẹ wá lọ́kàn ju ti aṣọ lọ. Ẹ wò wọ́n: àbàjà, pélé, gọ̀ǹbọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe ní 2003 ka fífín ara àti ilà kíkọ sára ọmọdé léèwọ̀, ọ̀pọ̀ ilé sì ti dáwọ́ dúró kí òfin náà tó dé. A kò ní kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ o, ó tán, ó tán. Ṣùgbọ́n ojú àwọn tó kù yìí ni ìwé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìdílé sí, bí wọ́n bá sì lọ, fọ́tò nìkan ni ọmọ ọmọ wọn á máa wò. Ilà jẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ lára awọ. Òjìji díẹ̀ tó wà nínú kòtò náà ni ojú wa fi ń rí i. Fíláàṣì tó wá láti iwájú ń kún kòtò náà fún ìmọ́lẹ̀, ilà á sì pòórá. Ẹ lọ wo fọ́tò ìyá àgbà yín tí wọ́n yà lálẹ́, bóyá ẹ ó rí ilà rẹ̀. Bí ẹ bá fi aṣọ funfun sí apá òsì tàbí apá ọ̀tún, ilà á yọ gedegbe, kò sì ní dà bí ọgbẹ́.

Awọ dúdú tiwa náà ní bí wọ́n ṣe ń tànná sí i. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Amẹ́ríkà, káàdì tó ní àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun, tí wọ́n ń pè ní káàdì Shirley, ni àwọn tó ń fọ fọ́tò fi ń díwọ̀n àwọ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó fi ènìyàn dúdú kún un. Awọ funfun máa ń fi òjìji sọ bí ojú ṣe rí. Tiwa tún ń fi dídán sọ ọ́: ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ gòkè dán díẹ̀, ibi tó wọlẹ̀ ṣú. Iná kékeré á sọ dídán yẹn di ojú kan funfun báláú níwájú orí. Iná fífẹ̀ á tẹ́ ẹ jẹ́jẹ́ lára gbogbo ojú, ara á sì jọ̀lọ̀.

Seydou Keïta, ayafọ́tò ará Bamako ní Mali, mọ èyí dájú. Láti 1948 ló ti ń gba oníbàárà, ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́ nínú àgbàlá rẹ̀ ló sì sábà ń lò. Àbúrò rẹ̀ nínú iṣẹ́ náà, Malick Sidibé, gba ọ̀nà mìíràn ní àwọn ọdún 1960. Ó ń gbé fíláàṣì lọ sí ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń jó lóru, ó sì ń tàn án sí wọn tààrà. Fọ́tò méjèèjì dára, gbogbo ayé ló ń yẹ́ wọn sí. Nítorí náà, a kò ní kí ẹ sọ fíláàṣì gbangba dànù. Bí ijó bá gbóná, tí ẹsẹ̀ ń fò, ìmọ́lẹ̀ tó kọ mànà lẹ́ẹ̀kan yẹn ló lè mú ijó dúró. Ó kàn jẹ́ pé ẹni tó jókòó pẹ̀sẹ̀ lórí àga kì í ṣe oníjó.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan nípa ọyẹ́. Láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì, bí ẹ bá lo fíláàṣì níta lóru, ẹ lè rí àwọn nǹkan róbótó funfun tó léfòó káàkiri inú fọ́tò. Àwọn kan ti sọ pé òkú ọ̀run ló wá kí wọn. Eruku ni o. Èyí tó wà nítòsí ojú kámẹ́rà ni iná bà, tó sì tàn padà. Ike iwájú iná kò lè wò ó sàn. Ẹ gbé iná jìnnà sí kámẹ́rà, tàbí kí ẹ wọlé, kí ẹ ti ilẹ̀kùn, kí eruku rọlẹ̀.

Ìyá tó jókòó níwájú yìí ti gbà kí a ya òun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ó yà wọ́n: lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú fíláàṣì gbangba, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú aṣọ, kí gbogbo wa lè gbé méjèèjì síra wò. Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún àga kúrò lára ògiri díẹ̀. Ẹ̀yin méjì, ẹ wá na aṣọ yìí.